Mo Fẹ́ Kí Orúkọ Mi Kọ́kọ́ Jáde

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí ìjọba fẹ́ fi okùn gbé kọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ ti ka ìdájọ́ mi sí mi létí. Lọ́yà mi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Yàrá kékeré kan ni mo wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí kò jìnnà sí Àbújá. A máa ń gbọ́ ìpè ìrun láti ìta, ṣùgbọ́n a kì í rí mọ́sálásí tó ti ń wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sàn jù mí lọ ni ikú mú láìrí àyè tọrọ àforíjìn. Èmi rí àyè.

Kì í ṣe okùn yẹn ni mò ń bẹ̀rù jù. Ní ilé kéú tí mo lọ ní Ìwó, wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, bí ènìyàn bá ronú pìwà dà, Ọlọ́run aláàánú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ ọmọnìkejì, àfi kí a bẹ ẹni náà, kí òun fúnra rẹ̀ sì yọ̀ǹda wa. Nítorí náà ni mo ṣe rán Alfa tó ń ṣíwájú wa kírun nínú ọgbà yìí sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràfíù. Èsì rẹ̀ ni mò ń dúró dè bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ṣe é fún yín.

Iṣẹ́ àga ni iṣẹ́ mi. A máa ń bó aṣọ tó ti gbó kúrò lára àga ìjókòó, a ó yọ fóòmù tó ti tẹ̀, a ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, a ó sì wọ aṣọ tàbí awọ tuntun fún un. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà, àga tí wọ́n fẹ́ jù sí ààtàn ni yóò gbà, àga tí ìyàwó tuntun lè jókòó lé ni yóò dá padà. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti Ràfíù ní Ìwó. Mo ṣáájú rẹ̀ gba òmìnira, mo sì ṣáájú rẹ̀ dé Àbújá. Nígbà tí òun náà dé, yàrá mi ní Karu ló sùn títí tó fi rí tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, èmi ni mo ṣojú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ níwájú àwọn àna. Kúdírá ni ìyàwó náà ń jẹ́. Ó mọ aṣọ rán dáadáa, òun ló sì ń rán gbogbo aṣọ tí Ràfíù ń wọ̀ fún àga.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù sí Galadimawa nítorí àwọn ẹ́sítéètì tó wà níbẹ̀. Ràfíù gba tirẹ̀ sí òdìkejì ráńdábàòtù. Tí ìṣó bá tán lọ́dọ̀ mi, mo máa ń lọ bù nínú tirẹ̀. Tí aṣọ bá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ rẹ̀, ó máa ń gbé e wá fún mi. Kò sí ìjà láàárín wa. Iṣẹ́ nìkan ni kò tó.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wá gbé àga ìyá rẹ̀. Tóbi ló ń jẹ́. Ọmọ Ọ̀ṣun ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò sí níbì kankan o," ó ní.

"Ta wá ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Inú fóònù ni mò ń sọ. Mo béèrè ẹni tó ń tún àga ṣe nítòsí mi, ará Wúsè ló gbé wá fún mi. Màmá mi ló ní ẹ wà níbí. Bọ̀ọ̀dá, tí ẹ ò bá sí nínú fóònù, ẹ ò sí ní Àbújá nìyẹn."

"Kai! Onílé wá mọ̀ mí dáadáa tó bá di ìparí ọdún."

Ó jókòó lórí àga ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣí ojú ìwé kan fún mi lórí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé fi ń wá nǹkan. Ó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sí i, àti nọ́ńbà mi, àti ibi tí mo wà, àti àkókò tí mo ń ṣí, àti àwòrán iṣẹ́ mi. Ó ṣàlàyé pé tí ènìyàn bá béèrè, ẹ̀rọ náà á to orúkọ wá. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n máa pè. Tí kò bá gbé e, wọ́n á pe ìkejì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀.

"Ẹ ní kí àwọn oníbàárà yín kọ ohun tí wọ́n rí síbẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ fúnra yín o, Bọ̀ọ̀dá. Jìbìtì nìyẹn."

"Kí ni kí n fún ọ fún iṣẹ́ yìí?"

"Ẹ ṣàdúà ọkọ gidi fún mi."

"Àmín. Ọkọ tí kò ní máa fi ìjókòó fọ́ àga."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo mú Ràfíù lọ bá a kó lè ṣí tirẹ̀ fún un. Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé wọn kò bí ìkà mọ́ mi.

Kí n má parọ́ fún yín, ipò yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń sọ pé ọjà tó dára kì í wá oníbàárà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ bàbá ara wọn. Àmọ́ ará Maitama, àdúgbò àwọn olówó, kì í fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Inú ọkọ̀ ló wà, gíláàsì rẹ̀ sì dúdú. Fóònù ni òpópónà tó ń rìn. Nígbà tí orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lókè, àwọn tí n kò rí rí ń pè mí láti ibi tí n kò dé rí. Mo gbé ìdílé mi kúrò ní yàrá kan bọ́ sí ilé tó ní pálọ̀. Mo fi Síkírà, ọmọ mi, sí ilé ìwé tó dára. Mo máa ń sọ alhamdulillah láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ti ọkàn mi wá.

Ibi tí èṣù ti wọlé nìyí. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ, n kò sì fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró, kí wọ́n má bàa pe ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Dípò kí n ra odindi fóòmù, mo ń rọ àjákù fóòmù sínú àga, mo sì ń fi aṣọ tó rẹwà bò ó. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Màmá kan láti Maitama pè mí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Alfa ni àwọn oníbàárà máa ń pè mí.

"Alfa, kí lẹ kì sínú àga mi? Tí mo bá jókòó, ẹ̀gbẹ́ kan á lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kan á lọ sísàlẹ̀, àfi bíi ràkúnmí."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó máa balẹ̀ tó bá yá."

"Ó ti balẹ̀ tán. Èmi gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀."

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àwọn mìíràn náà kọ tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ mi ń sọ̀ kalẹ̀, tí ti Ràfíù ń gòkè. Ràfíù kò ṣe ohun kan ju pé kó máa ra odindi fóòmù, kó sì máa sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ wà nílẹ̀." Wọ́n sì ń dúró dè é. Èyí ló dùn mí jù. Ó yẹ kí n padà sídìí fóòmù tó dára. Dípò bẹ́ẹ̀, ìdí fóònù ni mo padà sí.

Ìdánwò kékeré nìyẹn, ó kéré débi pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń ṣe é. Mo jókòó ní pálọ̀, mo gba fóònù ìyàwó mi, mo sì fi orúkọ obìnrin tí kò sí láyé yin ara mi.

"Bàbá Síkírà," ìyàwó mi pè mí, "ta ni Màmá Jùmọ̀kẹ́ ará Maitama?"

"Oníbàárà mi ni."

"Fóònù mi ló wá ń gbé ni?"

"Ìyá Síkírà, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Ṣé kò yẹ kí ẹnìkan yìn mí ni?"

"Ẹni tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún ni kó yìn yín. Ẹni tí kò sí láyé kì í jókòó lórí àga."

 Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ náà pa gbogbo ìyìn tí mo kọ rẹ́, ó sì tún tì mí sísàlẹ̀ sí i. Ó yẹ kí n gbà á sí ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Mo ní, bí n kò bá lè gbé ara mi sókè, mo lè fa ẹni tó wà lókè wálẹ̀. Mo fi orúkọ oníbàárà mìíràn tí kò sí láyé kọ ọ́ sí ojú ìwé Ràfíù pé ó gba aṣọ àga lọ́wọ́ òun, ó gé e kù, ó sì jí ìyókù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ràfíù wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí ẹnìkan kọ nípa mi. Olè ni wọ́n pè mí. Mo ti ronú ronú, n kò mọ ẹni náà rí."

"Ọ̀tá ni. Ayé yìí le."

"Kí ni mo ṣe fún un? Ẹ bá mi fi sí àdúà, Ẹ̀gbọ́n."

Mo tẹ́wọ́ méjèèjì. Mo ní kí Ọlọ́run tú àṣírí ọ̀tá Ràfíù. Òun dáhùn pé àmín, èmi náà sì dáhùn pé àmín.

Ẹ̀rọ náà máa ń gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tí wọ́n kọ nípa ṣọ́ọ̀bù kan kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń pè wá jù, nítorí wọ́n ń múra fún òpin ọ̀sẹ̀. Mo kọ̀wé sí i pé ṣọ́ọ̀bù Ràfíù kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ rárá. Mo wo ojú ìwé rẹ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó yí padà. Mo rò pé wọn kò gbà á. Mo gbàgbé rẹ̀, mo sì bọ́ sórí ìwà mìíràn.

Ohun tó wá fọ́ mi lójú ni iṣẹ́ ilé àlejò kan ní Maitama. Ọkùnrin tó ni ín fẹ́ kí wọ́n tún gbogbo àga ibẹ̀ ṣe. Ó pè mí, ó bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ má bínú, ẹnìkan wà lókè yín níbí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀." Ràfíù ló gba iṣẹ́ náà. Ó sì wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yẹn ju agbára mi lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

"Ṣé kí n wá di ọmọṣẹ́ rẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé mo lè sọ bẹ́ẹ̀ sí yín?"

"Máa lọ. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

N kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Bó ṣe ń lọ ni mò ń rò ó. Fóòmù iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lábẹ́ tapólì, mo ti rí i. Bí ó bá jóná, kò ní lè jíṣẹ́ lásìkò. Bí kò bá jíṣẹ́, ẹni tó ni ilé àlejò á kọ ọ́ síbẹ̀, orúkọ Ràfíù á já wálẹ̀, tèmi á gòkè. N kò ro ikú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣàánú mi, nítorí ẹ ó rí ohun tí mo ṣe.

Mo ṣí fóònù láti mọ ìgbà tí kò ní sí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń tì í pa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọkàn mi kò tilẹ̀ padà sí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Mo ní, Ràfíù nìyẹn, ó ti fi ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ìwà rẹ̀ ni.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ dé, mo wọ jàlàbíà, ìyàwó mi sì ní kí n fi àdúà rántí wọn. Mo ra epo bẹntiróòlù sínú gálọ́ọ̀nù kékeré kan. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀ mí.

"Alfa, ẹ ò lọ sí Jímọ̀ ni?"

"Jẹnẹrétọ̀ mọ́sálásí ni mo fẹ́ fi sí."

"Ọlọ́run á gbà á o."

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ràfíù, òpópónà náà dá. Ohùn lèmọ́mù ń bọ̀ láti mọ́sálásí. Ilẹ̀kùn onírin iwájú wà nílẹ̀, bí ti ibi tí wọ́n tì pa. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo gbọ́ ọ. Ó sáré díẹ̀, ó dúró, ó tún sáré. Mo ní ti aládùúgbò ni, nítorí fóònù ti sọ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Fóònù ni mo gbà gbọ́, n kò gba etí tí Ọlọ́run fún mi gbọ́. Ká ní mo kan ògiri yẹn lẹ́ẹ̀kan péré! Mo da epo sórí fóòmù, mo ṣá ìṣáná, mo sì yára lọ sí mọ́sálásí. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo dúró sí, mo sì forí kanlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó forí kanlẹ̀.

A kò tíì kírun tán nígbà tí a gbọ́ ariwo. Èéfín dúdú ti bo ráńdábàòtù. Ràfíù ti ìlà iwájú sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń pariwo.

"Kúdírá! Kúdírá wà nínú ṣọ́ọ̀bù!"

Mo di aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀!"

Ó yíjú wò mí, àfi bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí.

Aṣọ àga ilé àlejò náà ni Kúdírá ń rán. Nítorí pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ti fa ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì tì í láti inú. Àwọn ènìyàn fi irin já a, wọ́n gbé e jáde, ṣùgbọ́n èéfín fóòmù ti pa á. Ràfíù rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn ní ojú gbogbo ènìyàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ ṣe?" Mo dì í mú. Òórùn epo wà lára ọwọ́ mi, mo sì fi ọwọ́ náà ń pa á lẹ́yìn. Lára gbogbo ohun tí mo ṣe, ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tì mí jù níwájú Ọlọ́run.

Ẹni tó ta epo fún mi ló tọ́ka mi fún àwọn ọlọ́pàá. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ilé ẹjọ́, Ràfíù sọ pé àwọn oníbàárà kan ti bi òun rí ìdí tí òun kì í fi í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, òun sì rò pé fóònù ló ń ṣèrànrán. Irọ́ tí mo gbìn fún àwọn ẹlòmíràn, ẹnìkan ṣoṣo ló gbà á gbọ́ délẹ̀, èmi sì ni.

Mo ti ní àyè láti ronú níbí. N kò bínú sí ẹ̀rọ náà. Ó ń to orúkọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì bọ́ ilé mi fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ àga. Ó lè mú àlejò dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Irú ẹni tó máa bá níbẹ̀ wà lọ́wọ́ ìwọ àti Ọlọ́run rẹ. Mo fẹ́ kí orúkọ mi ṣáájú ti gbogbo ènìyàn, n kò sì bi ara mi léèrè bóyá orúkọ náà yẹ ní pípè.

Bí mo ṣe kọ̀wé dé ibí yìí ni Alfa wọlé. Ó jókòó tì mí.

"Mo rí Ràfíù," ó ní.

"Kí ló sọ, Alfa?"

"Ó ní ọjà tó jóná, òun yọ̀ǹda. Orúkọ olè tí o sọ òun, òun yọ̀ǹda. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ṣì ń pè ọ́ ní Ẹ̀gbọ́n, nítorí òun kò mọ orúkọ mìíràn tí òun lè pè ọ́."

Omi bọ́ lójú mi. "Ti Kúdírá ńkọ́?"

Alfa wo ilẹ̀. "Ó ní ìyẹn kì í ṣe tòun láti yọ̀ǹda. Ó ní, 'Kúdírá ni Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀. Kúdírá ni kí Ẹ̀gbọ́n lọ bẹ̀.'"

Òótọ́ ló sọ, n kò sì lè bá a jiyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí tó fún mi, ó ju ohun tó tọ́ sí mi lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà lórí fóònù, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín kíákíá, ìfẹ́ yín kò burú. Ẹ ṣiṣẹ́ yín dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ ṣe é fún sọ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá ṣáájú yín, ẹ lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ má kọ irọ́ kékeré, nítorí ẹni tó bá kọ ọ́ kò lè mọ ibi tí yóò gbà padà wá. Bí ẹ bá sì ti kọ ọ́, ẹ lọ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ wá ẹni tí ẹ ṣẹ̀ lọ, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́. Ó lè bínú. Ó lè lé yín jáde. Ẹ padà lọ lọ́la kí ẹ tún bẹ̀ ẹ́, níwọ̀n ìgbà tó ṣì lè dá yín lóhùn.